Kí la ó sọ lẹ́nu ọ̀nà àwọn ará Síríà?

Ẹ̀yin òbí ẹgbẹ́ mi, Birmingham la wà. Ọmọ ará Síríà kan ló bá àwọn ìbejì mi ṣọ̀rẹ́ níléèwé, ìyá rẹ̀ sì ní ká wá jẹun lọ́dọ̀ àwọn ní Sátidé. Àwọn ọmọ fẹ́ fi èdè Lárúbáwá kí wọn. "Asalaamu alaekun" nìkan ni mo mọ̀, onígbàgbọ́ sì ni wá. Ṣé kò ní dà bíi pé à ń díbọ́n? — Ìyá Ìbejì

Ẹ kú ìtọ́jú àwọn ọmọ, Ìyá Ìbejì. Ará Síríà ló múlé ti tiwa níbí ní Leeds, ẹnu ọ̀nà wọn ni mo ti kọ́ ohun tí mo fẹ́ sọ yìí.

"Kí àlàáfíà wà fún yín" ni sàláámà yẹn, kò ju bẹ́ẹ̀ lọ. "Yín" sì ni "kun" tó gbẹ̀yìn rẹ̀; bó jẹ́ ẹnì kan ṣoṣo lẹ̀ ń kí, "yín" náà ni. Ọmọ Yorùbá ò ní ṣì í níbẹ̀ yẹn. Ṣùgbọ́n bí ara yín bá ń kọ̀ ọ́, ẹ mú "marhaba". Mùsùlùmí wọn ń sọ ọ́, onígbàgbọ́ wọn ń sọ ọ́, kò sì sí ìgbà tí kò bá mu.

Ìdáhùn ló dùn jù. Wọn kì í dá ìkíni padà bí wọ́n ṣe gbà á, wọ́n á bù kún un ni. Ẹ ní "marhaba", wọ́n á ní "marhabtayn", ìyẹn marhaba méjì. Ẹ ní "sabahul khayr", àárọ̀ ire. Wọ́n á ní "sabahun nur", àárọ̀ ìmọ́lẹ̀. Lọ́jọ́ tí mo ṣàlàyé èyí fún ọmọ mi ọkùnrin, ó lọ bá ìyá àgbà ilé náà, ó ní "marhaba", ó wá na ìka mẹ́ta sókè. Màmá rẹ́rìn-ín títí, ó jókòó sórí àtẹ̀gùn.

"Ahlan wa sahlan" ni "ẹ káàbọ̀" wọn. Ẹbí ni "ahl", ilẹ̀ tó tẹ́jú ni "sahl": ọ̀dọ̀ ẹbí lẹ wá, ẹ ò sì tẹ gbágungbàgun. Bí obìnrin ló kí yín bẹ́ẹ̀, ẹ dáhùn pé "ahlan fiki". Bí ọkùnrin ni, "ahlan fik". Ọjọ́ orí làwa ń wò, a kì í wo akọ tàbí abo, ìdí nìyẹn tí mo fi ń dá ìyàwó ilé lóhùn bí ọkùnrin fún ọdún kan gbáko. Wọn ò bá mi wí, ọmọ wọn ló tú àṣírí.

Ẹ yọ bàtà lẹ́nu ọ̀nà. Bí baálé ilé bá gbọ́wọ́ láyà tí kò bọ̀ yín lọ́wọ́, ìkíni náà nìyẹn, ẹ ṣe bẹ́ẹ̀ padà. Ní ti ìkúnlẹ̀, ẹ tètè sọ fún ìyá ọmọ náà: nígbà tí ọmọbìnrin mi kọ́kọ́ kúnlẹ̀, ṣe ni wọ́n sáré gbé e dìde, wọ́n rò pé ó ṣubú.

Bí ẹ bá ń lọ, ẹ ní "bkhatirkon", wọ́n á dáhùn pé "ma'a salama". Ẹ má lọ lọ́wọ́ òfìfo o. Dòdò làwa máa ń gbé lọ, abọ́ wa ò sì padà wálé lófìfo rí.