Ṣé Ó Yẹ Kí Òfin De Ajá Tó Léwu?

Ìbéèrè: Olóòtú, ẹ kú iṣẹ́ o. Aládùúgbò wa kan ní Adó-Èkìtì ń sin ajá pitbull méjì láìní ọgbà. Ṣé kò yẹ kí ìjọba fòfin de irú ajá bẹ́ẹ̀?

Ìdáhùn: Ẹ̀rù yín tọ́, ìyá wa. Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ti fòfin de pitbull láti ọdún 1991, ṣùgbọ́n lójú tèmi, ìran ajá nìkan kọ́ ni ó yẹ kí òfin wò, nítorí pé ajá ilé wa lásán tí kò gba abẹ́rẹ́ àjẹsára lè kó àrùn dìgbòlugi ran ọmọdé. Ọgbà tó ga àti abẹ́rẹ́ ọdọọdún ni kí òfin kàn nípá fún gbogbo olówó ajá. Bí ajá bá bu ẹnikẹ́ni jẹ, ẹ fi ọṣẹ àti omi fọ ojú ọgbẹ́ náà fún ìṣẹ́jú 15, kí ẹ sì gbé e lọ sí ilé ìwòsàn lójú ẹsẹ̀.