Ta ló ni ayọ̀ ẹ̀bùn Nobel: onímọ̀ ni àbí yunifásítì?

ÌBÉÈRÈ: Ẹ̀yin Olóòtú, ẹ kú iṣẹ́ o. Mo kà á pé Yunifásítì California tó wà ní Berkeley, lórílẹ̀-èdè Amẹ́ríkà, ṣe àjọyọ̀ nígbà tí Ọ̀jọ̀gbọ́n Jennifer Doudna gba ẹ̀bùn Nobel lọ́dún 2020 nítorí iṣẹ́ rẹ̀ lórí àbùdá. Kí ni obìnrin náà ṣe gan-an? Ṣé yunifásítì ní ìpín nínú owó náà ni, àbí ijó tí kò kàn wọ́n ni wọ́n ń jó?

ÌDÁHÙN: Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ mú ọ̀rọ̀ owó kúrò nílẹ̀, torí pé kò gùn. Mílíọ̀nù 10 owó krona ilẹ̀ Sweden tó bá ẹ̀bùn náà wá, Doudna àti Emmanuelle Charpentier, ọmọ ilẹ̀ Faransé tó ń ṣiṣẹ́ ní Berlin, ni wọ́n jọ pín in lọ́gbọọgba. Yunifásítì kò fọwọ́ kan kọ́bọ̀ níbẹ̀.

Iṣẹ́ náà gan-an ló dùn ún sọ. Bakitéríà, tí ojú lásán kò lè rí, ní ọgbọ́n kan: bí fáírọ́ọ̀sì bá kọlù ú tó sì yè é, yóò fi díẹ̀ lára DNA ọ̀tá náà (ohun tí àbùdá wà lára rẹ̀, bí ọ̀rọ̀ tí wọ́n fi lẹ́tà kọ) pamọ́ sára tirẹ̀, bí ìgbà tí ọlọ́dẹ bá lẹ fọ́tò olè mọ́ ẹnu ọ̀nà. Bí olè náà bá padà wá, RNA, ìyẹn ẹ̀dà tí wọ́n dà kọ láti ara fọ́tò yẹn, ni yóò ṣe amọ̀nà fún purotéènì kan tó ń jẹ́ Cas9, tí yóò gé DNA ọ̀tá náà bíi sísọ́ọ̀sì. Ohun tí Doudna, Charpentier àti àwọn tí wọ́n jọ ṣiṣẹ́ fi hàn lọ́dún 2012 ni pé èèyàn lè fọwọ́ ara rẹ̀ ṣe amọ̀nà náà, kí Cas9 lè gé ibi tó bá wù ú. Nǹkan bíi lẹ́tà 20 péré ló ń júwe ọ̀nà, síbẹ̀ ó lè rí ojú kan ṣoṣo láàárín nǹkan bíi bílíọ̀nù 3 lẹ́tà DNA èèyàn, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ó máa ń ṣìnà nígbà mìíràn.

Ìtọ́jú àkọ́kọ́ tó tinú rẹ̀ jáde tí ìjọba fọwọ́ sí, Casgevy, wà fún àìsàn fòníkú-fọ̀ladìde àti àìsàn ẹ̀jẹ̀ mìíràn. Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ló kọ́kọ́ gbà á wọlé ní oṣù kọkànlá ọdún 2023. Ọ̀pọ̀ ló rò pé lẹ́tà DNA tó ní àṣìṣe, tó fa àìsàn náà, ni wọ́n ń tún ṣe. Rárá o. Ibòmíràn ni wọ́n ń gé, kí ara aláìsàn lè padà máa ṣe irú èròjà ẹ̀jẹ̀ tó ń ṣe nígbà tó wà nínú oyún.

Ní ti ijó, èmi ò gbà pé kò kàn wọ́n. Orúkọ mẹ́fà ló wà lórí àpilẹ̀kọ tí wọ́n fi gbé iṣẹ́ ọdún 2012 náà jáde, èyí tó sì ṣáájú kì í ṣe ti Doudna tàbí ti Charpentier. Ti Martin Jinek ni, ọ̀mọ̀wé tó ń ṣe ìwádìí lábẹ́ Doudna ní Berkeley nígbà náà. Òfin Nobel kò gbà ju èèyàn mẹ́ta lọ lórí ẹ̀bùn kan, nítorí náà, inú àjọyọ̀ yunifásítì ni irú àwọn bẹ́ẹ̀ ti ń rí ìpín tiwọn.

Àjọyọ̀ ọ̀hún kò tilẹ̀ lè lérò, torí kòrónà ló wà nílẹ̀: ilé Doudna ni wọ́n ti gbé àmì-ẹ̀yẹ náà fún un ní oṣù kejìlá. Ẹ̀bùn tí Berkeley fúnra rẹ̀ máa ń fún ẹni tó bá gba Nobel ni àyè ìgbọ́kọ̀sí tí wọ́n kọ NL (Nobel Laureate, ìyẹn ẹni tó gba Nobel) sí, tí ẹlòmíràn kò gbọ́dọ̀ gbé ọkọ̀ sí. Ẹni tí kò tíì wá àyè ìgbọ́kọ̀sí kiri ọgbà yunifásítì rí ni yóò fi èyí rẹ́rìn-ín.