Tópíìkì pírọ́jẹ́ẹ̀tì: ibi tí dátà wà ni kó o ti bẹ̀rẹ̀

Ìbéèrè: Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú iṣẹ́ o. Adó-Èkìtì níbí ni mo wà, ọdún kẹrin, Business Administration. Súpáfáísọ̀ mi ti dá tópíìkì mi padà, wọ́n sì ní kí n má mú irú ẹ̀ wá mọ́. Èyí tí mo mú lọ dá lórí ìwúrí àti bí àwọn òṣìṣẹ́ ṣe ń ṣiṣẹ́ sí ní ilé-iṣẹ́ ńlá kan l'Ékòó. Ọ̀rẹ́ mi tó ń ka Finance ní kí n má da ara mi láàmú, pé wọ́n ń ta èyí tó ti parí lórí íntánẹ́ẹ̀tì, ṣápítà kìíní dé ìkarùn-ún, kí n kàn yí orúkọ ilé-iṣẹ́ padà. Ẹni tá a jọ ń gbé yàrá, kẹ́mísírì ló ń kà, ó ní àwọn ò tiẹ̀ ń pín questionnaire. Àbúrò mi tó wà ní Education náà tún ti ń bi mí ní tiẹ̀. Ẹ jọ̀ọ́, báwo lèèyàn ṣe ń mọ tópíìkì tó máa ṣeé ṣe? Èèyàn mélòó sì ni mo máa fún ní questionnaire? Wọ́n ní kí n lo ìṣirò Taro Yamane, mi ò mọ bí wọ́n ṣe ń ṣe é.

Ìdáhùn: Àbúrò mi, o ṣeun tó o béèrè kó o tó sanwó fún ẹnikẹ́ni. Iṣẹ́ tèmi ni kí n máa bá àwọn ọmọ yunifásítì àti pólì wo dátà wọn, mo sì lè sọ fún ẹ pé ọ̀pọ̀ nínú wọn ti dorí iṣẹ́ náà kodò kí wọ́n tó dé ọ̀dọ̀ mi. Orúkọ tópíìkì ni wọ́n kọ́kọ́ mú, tó dùn ún gbọ́ létí, wọ́n wá ń wá dátà tó máa bá a mu kiri. Èmi ò gbà bẹ́ẹ̀. Dátà tí ọwọ́ ẹ lè tó ni kó o kọ́kọ́ mọ̀, ìyẹn ni pé ta ló máa dá ẹ lóhùn, ìwé wo lo máa rí kà, àbí ẹ̀rọ wo lo máa rí lò, ìgbà yẹn lo tó máa fún un lórúkọ.

Ọ̀rọ̀ ìwúrí òṣìṣẹ́ yẹn ò burú, ó kàn jẹ́ pé wọ́n ti ṣe é títí ó ti sú àwọn lẹ́kíṣọ̀, ilé-iṣẹ́ tó o sì mú yẹn, o ò mọ ẹnì kankan níbẹ̀. Ká tiẹ̀ ní wọ́n gbà á fún ẹ, o wọ mọ́tò láti Adó dé Èkó, sìkiọ́rítì ní ta lo fẹ́ rí, HR ní kó o fi ìwé ẹ sílẹ̀ kó o padà wá lọ́sẹ̀ méjì, ìgbà tó o bá fi máa padà dé wọ́n ti fi wé àkàrà. Ibẹ̀ yẹn ni ọ̀pọ̀ ọmọ á ti jókòó sí yàrá wọn, wọ́n á mú bírò mẹ́ta ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀, wọ́n á máa dáhùn ìbéèrè fúnra wọn. Ó máa ń hàn o! Èèyàn gidi máa ń fo ìbéèrè, á ti rẹ̀ ẹ́ kó tó dé ìparí, àwọn kan ò ní sọ ọjọ́ orí wọn fún ẹ láéláé. Tí mo bá rí dátà tí kò ní àlàfo kankan, ara mi kì í gbà á. Cronbach alpha náà máa ń tú àṣírí. Ìṣirò kan tí Lee Cronbach gbé jáde ní 1951 ni, òun ló ń sọ bóyá àwọn ìbéèrè tó o kó jọ lórí nǹkan kan ń sọ ohun kan náà lóòótọ́, 0.70 sókè ni ọ̀pọ̀ súpáfáísọ̀ ń gbà. Ẹni tó ń mú ìdáhùn bó ṣe wù ú, tiẹ̀ á já wálẹ̀ pátápátá, ẹni tó sì ń mú ọ̀kan náà láti òkè délẹ̀, tiẹ̀ á fẹ́ kan 1. Èwo nínú méjèèjì lèèyàn fẹ́ gbèjà níwájú àwọn tó ti ń ṣe é láti ọjọ́ tó ti pẹ́?

Èyí tí wọ́n ń tà lórí íntánẹ́ẹ̀tì wá burú jù bẹ́ẹ̀ lọ, torí dátà inú ẹ̀ ti gbó, o ò sì ní mọ̀. Mo ṣì ń rí ti Finance tó ń sọ pé bílíọ̀nù 25 náírà ni owó ìdásílẹ̀ tó kéré jù fún báǹkì. Ti ayé ìgbà tí Soludo jẹ́ gómìnà CBN nìyẹn, 2004 ni wọ́n kéde ẹ̀, wọ́n sì fún àwọn báǹkì di ìparí 2005. Ní oṣù kẹta 2024, CBN ti gbé e sókè, bílíọ̀nù 500 fún báǹkì tó ń ṣiṣẹ́ dé òkè òkun, 200 fún èyí tó kárí Nàìjíríà, 50 fún èyí tí kò kọjá agbègbè tiẹ̀, wọ́n sì fún wọn di March 31, 2026. Ẹni tó bá ra tàná, tó wá ń kà á sókè níwájú external examiner, ojú ló máa fi gbà á.

Ó dáa, ká wá sí tìẹ. Kí ló wà ní Adó tí ọwọ́ ẹ tó? Ọjà wà. Ṣó o rántí ìbẹ̀rẹ̀ 2023 tí owó tuntun ò sí níta, tí gbogbo èèyàn ń tò sẹ́nu ATM? Àkókò yẹn ni ọ̀pọ̀ ìyá ọjà tí kì í fẹ́ gbọ́ ohun tó ń jẹ́ transfer fipá gbà á. Wọ́n ṣì ń gbà á lónìí, àbí wọ́n ti padà sí káàṣì? Kí ló ń ṣe fún ọjà tí wọ́n ń tà? Bísínẹ́ẹ̀sì gidi nìyẹn, o sì lè pè é ní "Gbígba owó nípasẹ̀ transfer àti ọjà títà láàárín àwọn oníṣòwò kéékèèké ní Ọjà Bísí, Adó-Èkìtì". O lè fẹsẹ̀ rìn débẹ̀, o lè lọ kó o tún padà lọ tí èsì ò bá pé.

Yamane tó ń dẹ́rù bà ẹ́ yẹn, kò ju ìṣirò kékeré lọ. Ká ní ìwé ẹgbẹ́ tí ìyálọ́jà fi hàn ẹ́ sọ pé èèyàn 400 ló ń tajà níbẹ̀. 400 yẹn, ìyẹn gbogbo wọn, ni N. Àṣìṣe tó o fàyè gbà ni e, 0.05 sì ni gbogbo èèyàn ń lò. Mú 0.05 lọ́nà 0.05, ó di 0.0025. Fi sọ 400 di púpọ̀, ó di 1. Fi 1 míì kún un, ó di 2. Wá fi 2 yẹn pín 400, ó fún ẹ ní 200, ó parí nìyẹn. Tó bá jẹ́ 1,200 ni wọ́n, 300 ló máa fún ẹ. Tó bá jẹ́ 10,000, 385. Tí o bá sì ti lo 0.05, kò lè kọjá 400 láé, bó o tiẹ̀ ka gbogbo èèyàn tó wà ní ìjọba ìbílẹ̀ mẹ́rìndínlógún tó wà l'Ékìtì mọ́ ọn. Torí náà tí mo bá rí ẹni tó kọ ọ́ pé Yamane fún òun ní 512 pẹ̀lú 0.05, mo mọ̀ pé àdàkọ ni. Tí wọn ò bá tó 100, má wulẹ̀ wá Yamane, bá gbogbo wọn sọ̀rọ̀. Kó o sì tẹ̀ tó 220 sílẹ̀ fún 200 yẹn, àwọn kan máa sọ tiwọn nù.

Kì í wá ṣe àwọn àǹtí ẹ àti ọ̀rẹ́ màmá ẹ lo máa fún ní 200 náà. Tí àwọn aláṣọ bá jẹ́ 100 nínú 400, àwọn ló máa kó 50 nínú 200, aláta bẹ́ẹ̀, oní-provision bẹ́ẹ̀.

Questionnaire fúnra ẹ̀ ńkọ́? Rensis Likert ló gbé "strongly agree, agree" yẹn jáde ní 1932, ó sì dáa fún òṣìṣẹ́ tó jókòó sí ọ́fíìsì. Àmọ́ lọ dúró ti ìyá tó ń wọn rodo sínú kóńgò, kó o wá bi í bóyá ó gbà tàbí ó gbà gan-an, á ní "bẹ́ẹ̀ náà ni, ọmọ mi", á yíjú sí oníbàárà ẹ̀, ìwọ náà á kàn mú ọ̀kan fún un. Nọ́ńbà ni kó o bi í. Lánàá, èèyàn mélòó ló fi transfer sanwó fún yín? Nígbà tí alert pẹ́ kẹ́yìn, ṣé ẹ jẹ́ kí oníbàárà gbé ọjà lọ àbí ẹ dá a dúró? Láti bí oṣù mẹ́ta, wọ́n ti fi alert irọ́ gba ọjà lọ́wọ́ yín rí? Àwọn yẹn á dá ẹ lóhùn, wọ́n á tiẹ̀ ṣe àlàyé débi tí wàá fi máa wá ibi tó o máa kọ ọ́ sí. Kó o kọ ọ́ sílẹ̀ ní Yorùbá láti ilé o, má máa túmọ̀ lójú ọjà, torí bó o ṣe máa túmọ̀ ẹ̀ láàárọ̀ kọ́ lo ṣe máa túmọ̀ ẹ̀ nígbà tí oòrùn bá mú. Kọ́kọ́ dán an wò lára bí ogún èèyàn ní ọjà míì, kì í ṣe Ọjà Bísí.

Ọ̀rẹ́ ẹ tó ń ka Finance, tiẹ̀ ló yẹ kó rọrùn jù, mi ò mọ ohun tó ń rà. Báǹkì tó bá wà lórí NGX, ọjà ìpín ìdókòwò Nàìjíríà, gbọ́dọ̀ gbé annual report jáde lọ́dọọdún, ọ̀fẹ́ ni lórí íntánẹ́ẹ̀tì, CBN náà ní Statistical Bulletin. Báǹkì 10 fún ọdún 10, ìlà 100 nìyẹn lórí Excel, kò sì kúrò ní yàrá. Ibi tí wọ́n ti máa ń kó sí wàhálà ni pé inú ìwé yẹn, "Group" (báǹkì pẹ̀lú àwọn ilé-iṣẹ́ abẹ́ ẹ̀) àti "Bank" (báǹkì nìkan) máa ń wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn, wọ́n á mú Group lọ́dún yìí, wọ́n á mú Bank lọ́dún tó tẹ̀lé e. Báǹkì kan ń kọ nọ́ńbà tiẹ̀ ní ẹgbẹ̀rún, òmíràn ń kọ tiẹ̀ ní mílíọ̀nù, èèyàn á kàn dà wọ́n pọ̀, èsì tó máa jáde á wá di àwàdà. Kó má sì bẹ̀rẹ̀ ṣáájú 2012 tí kò bá nídìí, ọdún yẹn ni àwọn báǹkì wa bọ́ sórí IFRS, ìlànà àgbáyé fún kíkọ ìṣirò owó, ìṣirò ẹ̀yìn ẹ̀ ò bá ti iwájú dọ́gba. Èrè 2023 náà gba àlàyé, torí oṣù kẹfà ọdún yẹn ni wọ́n tú náírà sílẹ̀, èrè rẹpẹtẹ tí ọ̀pọ̀ báǹkì kéde, iye dọ́là tó fò sókè wà nínú ẹ̀, kì í ṣe pé wọ́n yá èèyàn lówó ju ti tẹ́lẹ̀ lọ.

Ti àbúrò ẹ ní Education, tó bá jẹ́ ọ̀nà ìkọ́ni ló fẹ́ dán wò, kò ní lè pín àwọn ọmọ SS2 bó ṣe wù ú, odindi kíláàsì ni wọ́n máa fún un. Kó fún kíláàsì méjèèjì ní ìdánwò kó tó bẹ̀rẹ̀, kó tún fún wọn lẹ́yìn ẹ̀, kó fi ìṣirò tí wọ́n ń pè ní ANCOVA yọ ìyàtọ̀ tó ti wà láàárín wọn tẹ́lẹ̀ kúrò. Kó má mú kíláàsì méjì nínú ọgbà kan náà, àwọn ọmọ máa ń sọ̀rọ̀. Kó mú ọ̀kan ní Adó, kó mú ìkejì ní Ìkẹ́rẹ́. Kó sì tètè lọ kí ìdánwò WAEC tó dé, lẹ́yìn ìyẹn kò sí principal tó máa dá a lóhùn.

Ẹni tẹ́ ẹ jọ ń gbé, òótọ́ ló sọ, lábù ni ti kẹ́mísírì, owó ẹ̀ sì ni kó kọ́kọ́ ṣírò. Tó bá fẹ́ wo omi kànga tàbí odò tó wà nítòsí ibi tí wọ́n ti ń wa kùsà ní Ìjerò, tó fẹ́ mọ̀ bóyá òjé (lead) wà nínú ẹ̀, iṣẹ́ tó dáa ni. Ike ni kó fi bu omi náà, kó ti fi nitric acid tí wọ́n ti bomi là ṣan án tẹ́lẹ̀, kó sì kán acid yẹn sínú omi tó bù títí pH ẹ̀ á fi lọ sílẹ̀ ju 2 lọ, àìṣe bẹ́ẹ̀ irin inú omi á lẹ̀ mọ́ ara ike, AAS, ẹ̀rọ tó ń wọn irin inú omi, ò ní rí i. Àmọ́ kó bu ike míì tí kò ní acid fún àwọn ìdánwò tó kù. pH àti ìgbóná, etí omi níbẹ̀ ni kó ti wọ̀n ọ́n. Ẹni tó bá bu omi gbígbóná Ìkògòsì wá sí lábù ní Adó kó tó wọn ìgbóná ẹ̀, omi tútù ló wọ̀n.

Ohun tí ọ̀pọ̀ wọn kì í béèrè nìyí o, AAS tí wọ́n fẹ́ lò yẹn, kí ni nọ́ńbà tó kéré jù tó lè rí? WHO ní òjé inú omi mímu ò gbọdọ̀ ju 0.01 mg/L lọ. Tó bá jẹ́ 0.05 ni ojú ẹ̀rọ yẹn mọ, tó wá kọ "ND" (not detected) fún un, kò túmọ̀ sí pé omi náà dáa, ó túmọ̀ sí pé ẹ̀rọ ò rí i ni. Ṣápítà ìkarùn-ún tó bá wá sọ pé "omi Ìjerò dára fún mímu" lórí ìyẹn, irọ́ ni, kódà irọ́ tó lè pa èèyàn lára. Kó bi àwọn tó ni lábù kó tó sanwó. Tí owó AAS bá pọ̀ jù fún un, gààrí wà. Kó wo sáyánáìdì inú gààrí tí wọ́n fi ẹ̀gẹ́ ẹ̀ sílẹ̀ fún ọjọ́ kan, méjì, mẹ́ta kí wọ́n tó yan án. Titration pẹ̀lú silver nitrate ló máa fi ṣe é, ó ṣeé ṣe ní lábù ilé-ìwé, ìwọ̀n Codex, ìlànà oúnjẹ àgbáyé, fún gààrí sì wà tó máa fi wé, 2 mg/kg. Kó ṣe ọ̀kọ̀ọ̀kan lẹ́ẹ̀mẹta, kó má dá ẹyọ kan ṣoṣo kó ní òun ti rí èsì.

Ìwọ, tó o bá ń padà lọ bá súpáfáísọ̀ ẹ, má mú orúkọ tópíìkì nìkan lọ. Mú ojú ìwé kan ṣoṣo: tópíìkì, àwọn tó o fẹ́ bá sọ̀rọ̀, iye wọn àti bó o ṣe rí iye náà, ìbéèrè márùn-ún nínú questionnaire, àti ohun tó o máa fi ṣe ìṣirò ẹ̀. Wọ́n á rí i pé o ti ronú sí i, ó lè jẹ́ ibi kékeré kan ni wọ́n máa ní kó o tún ṣe. Lọ́jọ́ tí wọ́n bá buwọ́ lù ú, gba lẹ́tà ìfinimọ̀ láti dípátímẹ́ńtì lọ́jọ́ yẹn gan-an, kó o sì gbà á ní méjì, torí ìyálọ́jà máa mú ọ̀kan pamọ́, wàá sì nílò ìkejì fún àwọn tó bá ní ta ló rán ẹ wá.