Aṣọ Pupa Tí O Fi Bo Jẹnẹrétọ̀

“Ẹ kú iṣẹ́ mà. Ọmọ Ìlọrin ni mí, ọmọ Bùnú ni ọkọ mi, Àbújá la ń gbé. Màmá ọkọ mi nìkan ló kù nílé wọn láti ìgbà tí Bàbá ti kú. Yàrá mẹ́rin ló kún dé òrùlé: ìkòkò, agolo, ìwé tí ikán ti jẹ, aṣọ àtijọ́. Àwọn ọ̀rẹ́ ọkọ mi ń bọ̀ wá bá wa ṣọdún Kérésì níbẹ̀, mo sì fẹ́ kí ilé náà ṣeé wò. A ti bẹ̀rẹ̀. Mo ti di àwọn ìwé sápò, mo fẹ́ dáná sun wọ́n. Aṣọ pupa kan tó wúwo wà nísàlẹ̀ àpótí Màmá, ó ti ń rùn, mo fi bo jẹnẹrétọ̀ kí òjò má baà pa á. Láti ọjọ́ náà ni Màmá ti ń kó ohun tí mo dà nù wọlé padà, wọn ò sì jẹun dáadáa mọ́. Bóyá ara àgbà ni. Irú kọ́bọ́ọ̀dù wo ni kí n ṣe sí àwọn yàrá náà? Báwo ni mo ṣe lè mú kí Màmá yéé kó pàǹtí jọ?”

O ò ní rí “okun o”, ìkíni àwa ará Okun tí Bùnú wà lára wa, gbà lẹ́nu mi lónìí. Aṣọ wo lo fi bo jẹnẹrétọ̀?

Mo gé lẹ́tà rẹ kúrú kí n tó gbé e síbí, torí ìdajì rẹ̀ ni gígùn ògiri àti àwọ̀ ọ̀dà. O tiẹ̀ ya àwòrán kọ́bọ́ọ̀dù. Aṣọ yẹn ò rí ju ìlà kan lọ. Aṣọ pupa tó wúwo, nísàlẹ̀ àpótí opó, nínú ilé kan ní Bùnú! Mi ò fojú rí i o, ó lè jẹ́ kúbùsù lásán. Ṣùgbọ́n bó bá jẹ́ ohun tí mò ń rò, aṣọ ìpò ni.

Àwọn ará Bùnú ló ń hun ún, lórí òfì òòró tí wọ́n ń fi ti ògiri. Òwú pupa inú rẹ̀ kì í ṣe òwú oko. Aṣọ òyìnbó pupa ni wọ́n ń wá kiri, títí kan kúbùsù ọsibítù, wọ́n á tú u ní fọ́nrán fọ́nrán, wọ́n á wá fi fọ́nrán náà hun aṣọ tiwọn. Jókòó kí o ro iṣẹ́ yẹn wò. Bí èèyàn ńlá bá kú, olóyè tàbí ẹni tí ìlú ń wárí fún, aṣọ yìí ni wọ́n ń lò níbi òkú rẹ̀, wọ́n á ta á síwájú ilé kí ẹni tó ń kọjá lọ lè mọ irú ẹni tó lọ. Eégún ń wọ̀ ọ́. Ilé ìṣẹ̀ǹbáyé British Museum ní Lọ́ńdọ̀nù kó aṣọ Bùnú pa mọ́, ìwọ kó tìrẹ lé ẹ̀rọ tó ń jo epo. Àwọn tó mọ̀ ọ́n hun ò tó nǹkan mọ́. Bí èyí bá bàjẹ́, ọjà wo lo fẹ́ lọ ti ra òmíràn?

Àlejò lójú, kò fi ríran. Mi ò bá ọ jà pé o ò mọ̀ ọ́n, ọmọ Ìlọrin ni ọ́. Ohun tí mo ń bá ọ jà lé lórí ni pé o ò bèèrè, nígbà tí ẹni tó ni àpótí wà nínú ilé kan náà pẹ̀lú rẹ. Ọkọ rẹ ńkọ́? Yàtọ̀ sí pé ọ̀rẹ́ rẹ̀ ń bọ̀, mi ò rí ohunkóhun tó ṣe nínú lẹ́tà yìí. Ọmọ Bùnú ni, ó rí aṣọ yẹn lórí jẹnẹrétọ̀, ó sì tan iná wo bọ́ọ̀lù? Ọ̀rọ̀ tèmi pẹ̀lú rẹ̀ ṣì ń bọ̀.

Bí Kérésì bá ti ń súnmọ́ ni irú lẹ́tà yìí ń dé, láti Ẹ̀gbẹ̀, láti Mọ̀pà, láti Ìyàrà. Àwọn ará Àbújá àti Èkó ń bọ̀ nílé, wọ́n á fẹ́ kí ilé jọ tiwọn fún ọ̀sẹ̀ kan. Bí ọdún bá tán, wọ́n á wọkọ̀ padà, ìyá á wá kù sínú ilé tí kò mọ ibi tí ṣíbí wà mọ́.

“Bóyá ara àgbà ni.” Ara àgbà wo, tó bẹ̀rẹ̀ lọ́jọ́ tí o ṣí àpótí? Bí oúnjẹ ò bá tún wọlé lẹ́yìn tí o bá ti ṣe ohun tí mo fẹ́ sọ yìí, gbé wọn lọ sí ọsibítù kíákíá. Ṣùgbọ́n kọ́kọ́ ṣe é. Àti ohun tí wọ́n ń ṣà wọlé padà tí o ń pè ní pàǹtí yẹn, ṣé o tiẹ̀ wò ó? Kí ni wọ́n mú, kí ni wọ́n fi sílẹ̀? Mo lè búra pé kì í ṣe agolo. Màmá ti ń bá ọ ya ẹrù sọ́tọ̀ láti ọjọ́ yẹn, ìwọ ni o ò wo ohun tó wà lọ́wọ́ wọn.

Má dáná sun ìwé kankan. Ọdún 1991 ni wọ́n dá Kogi sílẹ̀. Ṣáájú ìyẹn, abẹ́ Kwara la wà; ṣáájú 1967, Kabba Province ni wá lábẹ́ ìjọba Àríwá. Ìwé tó bá ní ọ̀kan nínú orúkọ wọ̀nyí lórí, ì báà jẹ́ rìsíìtì owó orí tí ikán ti jẹ dé àárín, yọ ọ́ sọ́tọ̀. Òfin ilẹ̀ 1978 gbà kí ẹni tó ti ń dáko lórí ilẹ̀ kan kí òfin náà tó dé máa lò ó lọ. Lọ́jọ́ tí ará ibòmíràn bá sọ pé tòun ni oko Bàbá, kí ni ọkọ rẹ fẹ́ fi hàn? Kọ́bọ́ọ̀dù? Tú àwọn àpò yẹn, jẹ́ kí ẹni tó mọ̀wé jókòó ti Màmá, kó máa ka orí ìwé kọ̀ọ̀kan fún wọn. Ẹ fi fóònù ya àwòrán èyí tó bá ti ń ya.

Ohun tó yẹ kó kúrò nílé yẹn wà, o ò tiẹ̀ dárúkọ rẹ̀. Oògùn òyìnbó tí ọjọ́ ti lọ lórí rẹ̀. Kẹ́ẹ̀gì kẹrosíìnì tí kò ní ìdérí. Bí Bàbá bá dáko kòkó, yẹ abẹ́ ibùsùn wò bóyá Gamalin, oògùn kòkòrò, wà níbẹ̀: májèlé ni, ayé ti fòfin dè é. Má dà á sódò, má fi ike rẹ̀ pọn omi, má sun ún. Fi sí ibi tí ọmọdé ò dé, kí o bi àwọn òṣìṣẹ́ ọ̀gbìn ìjọba ìbílẹ̀ bí wọ́n ṣe ń kó o. Ìyókù, agolo, ike, bàtà ẹsẹ̀ kan, Màmá fúnra wọn á ní kí o gbé e dànù bí o bá bèèrè.

Nírọ̀lẹ́ òní, kì í ṣe ọ̀la, ká aṣọ yẹn kúrò níbẹ̀. Má fi ọṣẹ fọ̀ ọ́, má sá a sóòrùn. Ta á síbi tí afẹ́fẹ́ ń fẹ́ nínú ilé kí òórùn epo lọ. Lẹ́yìn náà, ìwọ àti ọkọ rẹ, ẹ wọlé tọ Màmá, kí o kúnlẹ̀, kí òun náà dọ̀bálẹ̀, kí ó sì jẹ́ òun ni yóò kọ́kọ́ sọ̀rọ̀ torí ìyá rẹ̀ ni. Ẹ béèrè òkú ta ni wọ́n lo aṣọ náà fún, ta ló hun ún. Bí wọ́n bá fẹ́ sọ, jókòó gbọ́ ọ tán. Bí wọn ò bá fẹ́ sọ, dá a padà sísàlẹ̀ àpótí, kí o fi kọ́kọ́rọ́ lé wọn lọ́wọ́. Kí o tó tún fọwọ́ kan yàrá kankan, pe àwọn ẹ̀gbọ́n ọkọ rẹ obìnrin, àwọn ni wọ́n dàgbà nínú ilé yẹn.

Ní ti kọ́bọ́ọ̀dù, káfíńtà wà ní Kàbà. Kó má gé pákó títí Màmá yóò fi fi ọwọ́ han án ibi tí wọ́n fẹ́ kó dúró.