Kí ló dé tí ìrẹsì oníwàrà mi kò ki?

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́, mà. Ìkẹ́rẹ́-Èkìtì ni mò ń gbé. Mo fi ìrẹsì Ìgbẹ́mọ se ìrẹsì oníwàrà tí àwọn òyìnbó ń pè ní púdìn. Mo da ìrẹsì, mílíìkì inú agolo àti ṣúgà pọ̀ sínú ìkòkò lẹ́ẹ̀kan náà. Lẹ́yìn wákàtí kan, ìrẹsì ṣì le, wàrà ń ṣàn bí omi, ìdí ìkòkò sì ti jóná. Ṣé ìrẹsì wa ni kò dára ni?

Ìdáhùn: Ìrẹsì Ìgbẹ́mọ kò ṣẹ̀ yín. Sítáàṣì inú ìrẹsì fúnra rẹ̀ ló ń mú kí oúnjẹ yìí ki, bí ti àgbàdo ṣe ń mú kí ògì dì nígbà tí omi gbígbóná bá kàn án. Nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ìrẹsì tí hóró rẹ̀ kúrú, tí wọn kò bọ̀, ni wọ́n ń lò, sítáàṣì rẹ̀ sì tètè ń yọ sínú wàrà. Ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ ìrẹsì ọjà wa ni wọ́n ti bọ̀ tèèpo-tèèpo, tí wọ́n sì sá gbẹ, kí wọ́n tó bó o. Bíbọ̀ yẹn ni kì í jẹ́ kí hóró ìrẹsì lẹ̀ mọ́ra nínú àwo, èyí tí a sì fẹ́ràn, àmọ́ nínú wàrà, ńṣe ló ń há sítáàṣì mọ́ inú hóró.

Nítorí náà, ẹ kọ́kọ́ fọ́ ọ díẹ̀. Ẹ ṣa òkúta inú ife ìrẹsì 1 dáadáa, ẹ rẹ ẹ́ sínú omi fún wákàtí 2, ẹ sẹ́ ẹ, kí ẹ sì fi ọmọ odó tẹ̀ ẹ́ jẹ́jẹ́ títí nǹkan bí ìdajì rẹ̀ yóò fi ṣẹ́. Mo mọ̀ pé ọwọ́ àwa Èkìtì kì í rọ̀ nídìí odó, ṣùgbọ́n iyán kọ́ nìyí.

Ẹ fi ife omi 2 àti iyọ̀ bíńtín sè é lórí iná kékeré títí yóò fi rọ̀, tí omi yóò sì fẹ́rẹ̀ẹ́ gbẹ. Ìgbà yẹn ni kí ẹ tó da wàrà ife 4 sí i. Bó bá jẹ́ ti agolo, kí ìdajì rẹ̀ jẹ́ omi. Ṣúgà ni kó kẹ́yìn, nítorí pé ó máa ń fa omi mọ́ra, ìrẹsì tí kò tíì rọ̀ kì í sì í rí omi tó mu mọ́. Ohun tó ṣe tiyín nìyẹn.

Ní ti jíjóná, èròjà amúaradàgbà inú wàrà máa ń sùn sí ìdí ìkòkò, bí iná bá sì pọ̀, òun àti ṣúgà á jó. Ẹ lo ìkòkò tí ìdí rẹ̀ nípọn, kí ẹ sì máa fi orógùn rò ó kan ìsàlẹ̀ fún nǹkan bí ìṣẹ́jú 30. Bó bá ti ń rùn, ẹ má ṣe ha ìdí rẹ̀ rárá. Ẹ rọra da ti òkè sínú ìkòkò mìíràn.

Ẹ sọ ọ́ kalẹ̀ nígbà tó bá ṣì rí bí ẹ̀kọ mímu, torí pé yóò tún ki bó bá ti ń tutù. Ẹ lè rin èèpo ọsàn wẹ́wẹ́ sí i, ṣùgbọ́n kí omi ọsàn má kàn án, kí wàrà má baà já.

Kí ó tó pé wákàtí 2, kí ó ti wọ fíríìjì. Níbi tí kò bá sí iná, ìwọ̀n tí ẹ lè jẹ tán lójú ẹsẹ̀ ni kí ẹ sè, nítorí pé kòkòrò àìfojúrí kan wà tó máa ń tu májèlé sínú ìrẹsì sísè tó bá pẹ́ nílẹ̀, gbígbé e padà sórí iná kì í sì í pa májèlé náà.