Ìbéèrè Àwọn Òǹkàwé: Bíréèkì Ẹ̀yìn Tó Di Táyà Mú Tí Kò Jáwọ́

ÌBÉÈRÈ: Ẹ kú iṣẹ́ o, ọ̀gá wa. Mo ní alùpùpù àtijọ́ kan tó ní sáìdíkáà, ìyẹn ìjókòó onítáyà kan tí wọ́n so mọ́ ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Bíréèkì onídúrọ́ọ̀mù ló wà lẹ́yìn, ọ̀pá irin ni pẹ́dà fi ń fà á, pẹ́dà kan náà ló sì ń fa bíréèkì sáìdíkáà. Láti ìgbà tí mo ti pààrọ̀ ṣúù bíréèkì ẹ̀yìn, ìyẹn àwọn méjì tó máa ń tẹ̀ mọ́ inú dúrọ́ọ̀mù róbótó tó ń bá táyà yí, ni wàhálà ti dé. Bí mo bá gbéra, kò sí nǹkan kan, ṣùgbọ́n tó bá tó bí ìṣẹ́jú mẹ́wàá, alùpùpù á bẹ̀rẹ̀ sí í wúwo bí ẹni pé wọ́n ń fà á sẹ́yìn, òórùn ohun tó ń jó á gbalẹ̀, họ́ọ̀bù ẹ̀yìn á sì gbóná débi pé kò ní ṣeé fọwọ́ kàn. Bí ilẹ̀ ọjọ́ kejì bá mọ́, táyà á tún máa yí wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́. Ẹ̀ẹ̀mejì ni mo ti tú ṣúù náà wò, n kò rí àléébù kankan. Kí ni kí n ṣe?

ÌDÁHÙN: Ẹ má tíì tú táyà yẹn nígbà kẹta. Bí bíréèkì bá há, ara ṣúù ni ojú wa máa ń kọ́kọ́ lọ, nítorí pé òun ló ń jó, òun ló sì ń rùn, bẹ́ẹ̀ sì rèé, ṣúù kọ́ ló sábà máa ń jẹ̀bi. Ẹsẹ̀ yín lágbára tó láti fa gbogbo ohun tó wà láàárín pẹ́dà àti dúrọ́ọ̀mù, kódà bí ìpẹtà bá ti bò ó. Sípíríǹgì kéékèèké méjì tàbí mẹ́ta péré ló ń dá gbogbo rẹ̀ padà, agbára wọn kò sì tó ìdá kan nínú ti ẹsẹ̀. Ibi tí nǹkan bá ti le ju ohun tí sípíríǹgì lè tì lọ, ibẹ̀ ni bíréèkì yóò dúró sí. Nítorí náà, ẹ má wá ohun tó ń tẹ bíréèkì kiri, ẹ wá ohun tí kò jẹ́ kó padà.

Ohun kejì ni pé ìgbà tó ti tutù lẹ ń tú u. Ẹ gun alùpùpù náà títí bíréèkì yóò fi há, kí ẹ wá dúró níbi tó tẹ́jú, kí ẹ pa ẹ̀rọ, kí ẹ yọ ọ́ kúrò nínú jíà, kí ẹ fi òkúta há táyà iwájú àti ti sáìdíkáà, kí ẹ sì gbé ẹ̀yìn rẹ̀ sókè kúrò nílẹ̀. Ẹ wá fi sípánà tú nọ́ọ̀tì tó wà nídìí ọ̀pá bíréèkì títí ọ̀pá náà yóò fi dẹ̀ pátápátá. Bí táyà bá yí lójú ẹsẹ̀, iwájú ni ẹ̀ṣẹ̀ wà: pẹ́dà ni, tàbí ọ̀pá, tàbí okùn tó lọ sí sáìdíkáà. Bí kò bá yí, ẹ wọ ìbọ̀wọ́, kí ẹ sì ti apá kékeré tó wà lára họ́ọ̀bù, èyí tí ọ̀pá ń fà, padà sí ibi ìsinmi rẹ̀. Bí ó bá le láti tì, tó sì jẹ́ pé bí ẹ ti tì í tán ni táyà jáwọ́, káàmù tó ń ya ṣúù sọ́tọ̀ ló há mọ́ ihò rẹ̀. Bí apá náà bá lọ tó sì bọ̀ láìsí ìdíwọ́, tí táyà kò sì yí síbẹ̀, inú họ́ọ̀bù gan-an ni ká tó máa wò. Kò ju ìṣẹ́jú márùn-ún lọ, ó sì sàn ju títú táyà ní ìgbà mẹ́wàá.

Pẹ̀lú ohun tí ẹ kọ, èrò mi ni pé nọ́ọ̀tì yẹn ni táyà yóò gbọ́ sí lẹ́nu. Ṣúù tuntun nípọn ju èyí tó ti jẹ lọ. Bí ẹ bá fi í sí, tí ẹ sì fi nọ́ọ̀tì sílẹ̀ níbi tó wà nígbà ti àtijọ́, tàbí tí ẹ fún un títí bíréèkì fi mú lókè pẹ́dà nítorí pé ó dùn mọ́ ẹsẹ̀, a jẹ́ pé kò sí àlàfo mọ́ láàárín láínì, ìyẹn ohun tí wọ́n lẹ̀ mọ́ ojú ṣúù, àti dúrọ́ọ̀mù. Láàárọ̀, nígbà tí gbogbo rẹ̀ tutù, ó lè máa fara kan díẹ̀ láìjẹ́ pé ẹ mọ̀. Ìfarakàn yẹn ni yóò mú ooru wá. Aluminíọ̀mù ni wọ́n fi ń ṣe ọ̀pọ̀ ṣúù, irin dídà sì ni ojú tí láínì ń fara kàn nínú dúrọ́ọ̀mù. Bí ooru bá mú àwọn méjèèjì, aluminíọ̀mù máa ń wú tó bí ìlọ́po méjì irin. Bí ṣúù ṣe ń wú ló ń tẹ̀ mọ́ dúrọ́ọ̀mù sí i, bó ṣe ń tẹ̀ mọ́ ọn sí i ni ooru ń pọ̀ sí i, títí táyà yóò fi dúró. Bí ó bá wá tutù lóru, ohun gbogbo á sún kì padà, ẹ óò sì máa rò pé àǹjọ̀nnú ló ń bá yín ṣeré.

Ẹ jẹ́ kí orí pẹ́dà lè lọ sílẹ̀ ní bíi sẹ̀ǹtímítà méjì sí mẹ́ta kí bíréèkì tó bẹ̀rẹ̀ sí í mú. Ìwé alùpùpù yín yóò sọ iye tó yẹ ẹ́ gan-an. Ẹ wo nọ́ọ̀tì náà dáadáa: lára ọ̀pọ̀ alùpùpù àtijọ́, ẹnu rẹ̀ ní kòtò róbótó tó ń jókòó lé pínì tó wà lára apá bíréèkì. Bí ẹ bá fi í sílẹ̀ ní ààbọ̀ ìyípo, orí etí kòtò ni yóò gùn, ẹ ó rò pé àlàfo ti tó, ṣùgbọ́n ìgbà àkọ́kọ́ tí ẹ bá tẹ bíréèkì ni yóò jábọ́ sáyè rẹ̀, ìdiwọ̀n yín á sì yí padà. Ẹ yí i títí ẹ ó fi mọ̀ ọ́n lọ́wọ́ pé ó ti jókòó.

Ibi tí ọ̀pọ̀ onísáìdíkáà ti ń ṣìnà nìyí, èmi náà ti ṣì í rí: orí ìdúró, láìsí ẹnìkan lórí alùpùpù, ni wọ́n ti ń wọn àlàfo yìí. Bí èèyàn méjì bá jókòó, tí ẹrù sì wà nínú sáìdíkáà, ṣọ́ọ̀kì ẹ̀yìn á wọlé, táyà á gòkè, ọ̀nà tó wà láàárín pẹ́dà àti họ́ọ̀bù á sì yàtọ̀, nítorí pé ibi tí pẹ́dà ti ń yí kọ́ ni apá tó gbé táyà ti ń yí. Lára àwọn alùpùpù kan, ìyàtọ̀ yìí tó láti fa bíréèkì láìsí ẹsẹ̀ kankan lórí pẹ́dà. Ẹ jẹ́ kí àwọn tó máa ń gùn ún jókòó sórí rẹ̀, kí ẹ tó wọn àlàfo.

Bí nọ́ọ̀tì kò bá yanjú rẹ̀, ẹ tọwọ́ bọ pẹ́dà. Ẹ yọ ọ̀pá kúrò lára rẹ̀, kí ẹ tẹ̀ ẹ́, kí ẹ sì fi í sílẹ̀: ó gbọ́dọ̀ fò padà ni, kì í ṣe pé kó máa rìn bọ̀ bí ẹni tí oorun ń kùn. Ìsàlẹ̀ ló wà, ẹrẹ̀ àti omi ojú ọ̀nà ń bá a níbẹ̀, ìdí rẹ̀ sì ni gíríìsì máa ń kọ́kọ́ gbẹ. Káàmù náà ń fẹ́ ìtọ́jú kan náà. Bí ẹ bá fà á yọ, ẹ óò rí ìpẹtà tó dà bí ìyẹ̀fun àwọ̀ ilẹ̀ lára rẹ̀. Ẹ fi pépà ìyọ́rin tó kúnná yọ ọ́, kí ẹ fi gíríìsì tí ooru kì í tètè yọ́ pa á fẹ́lẹ́, kí ẹ sì nu àlékún rẹ̀ kúrò, nítorí gíríìsì tó bá dé ara láínì ti ba ṣúù tuntun yín jẹ́. Nígbà tí ẹ bá ń dá apá kékeré náà padà sórí eyín káàmù, ẹ wò ó pé bí bíréèkì bá mú tán, igun tó wà láàárín apá àti ọ̀pá kò ju 90 ìwọ̀n lọ. Bí káàmù bá yí kọjá ààlà, ó lè dúró sórí ara rẹ̀, kò sì sí sípíríǹgì tí yóò lè dá a padà.

Ẹ tún ní táyà kẹta tẹ́ ẹ gbọ́dọ̀ fi sọ́kàn. Ẹ tú okùn sáìdíkáà kúrò lára pẹ́dà, kí ẹ gun alùpùpù lọ síbi tí kò jìnnà ní ìwọ̀nba eré. Bí bíréèkì ẹ̀yìn kò bá há mọ́, àtọ̀dọ̀ sáìdíkáà ni ìfàsẹ́yìn náà ti ń wá. Ọwọ́ yín lórí ìdarí lè sọ ọ́ fún yín tẹ́lẹ̀ pàápàá: bí táyà ẹ̀yìn bá ń fa, alùpùpù á máa ṣẹ́ kúrò lọ́dọ̀ sáìdíkáà, nítorí pé sáìdíkáà fẹ́ máa lọ síwájú, bí táyà sáìdíkáà ló bá há, ọ̀dọ̀ rẹ̀ ni yóò máa fà yín lọ.

Bí ẹ bá wá ní láti ṣí dúrọ́ọ̀mù, ẹ wo sípíríǹgì méjèèjì tó so ṣúù pọ̀, ẹ wo bóyá láínì ti ń ṣí kúrò lára ṣúù, ẹ sì wò ó bóyá ọ̀rá ti tú sí i. Alùpùpù Ural ti Rọ́ṣíà, tí ìpìlẹ̀ rẹ̀ jẹ́ M-72 ti ọdún 1941 tí wọ́n ṣe láti ara BMW R71 ti Jámánì, kò ní ṣéènì, jíà ló ń yí táyà ẹ̀yìn rẹ̀. Ọ̀rá inú àpótí jíà ẹ̀yìn rẹ̀ lè jò wọ dúrọ́ọ̀mù, láínì tó bá sì ti mu ọ̀rá máa ń mú lójijì. Ẹ má fi ẹnu tàbí ẹ̀rọ fẹ́ eruku inú rẹ̀. Asibẹ́sítọ́ọ̀sì wà nínú ọ̀pọ̀ láínì àtijọ́, èémí rẹ̀ sì ń fa àìsàn ẹ̀dọ̀fóró àti jẹjẹrẹ. Omi ni kí ẹ fi rin ín, kí ẹ sì fi àkísà tutù nù ún.

Nígbà tí ẹ bá ń dá táyà padà, ẹ má tíì fún nọ́ọ̀tì ọ̀pá àárín rẹ̀ tán. Kí ẹnìkan tẹ bíréèkì mọ́lẹ̀ gidigidi, kí ó má jáwọ́, kí ẹ wá fún nọ́ọ̀tì náà. Èyí ni yóò jẹ́ kí ṣúù méjèèjì bọ́ sí àárín dúrọ́ọ̀mù, dípò kí ọ̀kan máa fara kàn ju èkejì lọ.

ÌBÉÈRÈ: Dísíìkì àti ọ́ìlì ni bíréèkì ẹ̀yìn tèmi, kì í ṣe dúrọ́ọ̀mù, òun náà sì ń há. Ṣé ọ̀nà kan náà ni kí n gbà?

ÌDÁHÙN: Èrò kan náà ni, ọ̀nà ló yàtọ̀. Nígbà tó bá há, ẹ ṣí nípù kékeré tó wà lára kálípà, ìyẹn ohun tó ń fún dísíìkì mú, díẹ̀, kí ẹ fi ike gba ọ́ìlì tó bá jáde, nítorí ó máa ń jẹ ọ̀dà. Bí táyà kò bá jáwọ́, písítìn ló há sínú kálípà, ó sì sábà máa ń jẹ́ ìpẹtà. Bí ó bá jáwọ́, agbára ló há sínú ọ́ìlì. Ẹ dé nípù padà, ẹ jẹ́ kó tún há, kí ẹ wá tú ibi tí róbà tó ń gbé ọ́ìlì ti so mọ́ másítà, ìyẹn ibi tí pẹ́dà ti ń ti ọ́ìlì. Bí ó bá jáwọ́ níbẹ̀, ẹ wo ọ̀pá tó ń ti másítà bóyá kò ní àlàfo, tàbí ihò tíńtín inú rẹ̀ bóyá ó ti dí. Bí kò bá jáwọ́, róbà náà ti wú nínú, ojú òde rẹ̀ ìbáà máa dán. Ẹ pààrọ̀ ọ́ìlì náà lọ́dún méjì méjì. Ó máa ń fa omi láti inú afẹ́fẹ́, omi yẹn ló sì ń bí ìpẹtà.

ÌBÉÈRÈ: Mo gbé alùpùpù mi pamọ́ fún oṣù mélòó kan, táyà ẹ̀yìn kò sì yí mọ́ rárá. Ṣé kí n fi ẹ̀rọ fà á?

ÌDÁHÙN: Rárá o. Láínì ti lẹ̀ mọ́ dúrọ́ọ̀mù nítorí ìpẹtà, ẹ̀rọ yín sì lágbára tó láti ya láínì kúrò lára ṣúù. Ẹ dẹ nọ́ọ̀tì ọ̀pá bíréèkì, kí ẹ máa mi alùpùpù síwá sẹ́yìn, kí ẹ sì máa fi òòlù onírọ́bà kan ara dúrọ́ọ̀mù yíká jẹ́jẹ́. Ẹ óò gbọ́ ìró kan, "kọ̀!", bí ó bá já. Ẹ ṣí i kí ẹ tó gùn ún, kí ẹ sì yọ ìpẹtà náà.