Kẹ́ẹ̀gì epo, ike ọ̀dà, abọ́ tó là: èwo ló ṣeé gbin ẹ̀fọ́ sí?

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o. Epo pupa ni mò ń tà ní Agége, ayálégbé sì ni mí. Kọnkéré ni wọ́n dà sí gbogbo àyíká ilé wa. Mo gé orí kẹ́ẹ̀gì epo mẹ́rin, mo fi ike ọ̀dà méjì àti abọ́ ìfọṣọ kan tó ti là kún un, mo rọ yẹ̀pẹ̀ sí gbogbo wọn, mo gbin tẹ̀tẹ̀, ewédú àti ata. Mo kọ́kọ́ tẹ́ òkúta wẹ́wẹ́ sí ìsàlẹ̀ kí omi má bàa dúró. Láàárọ̀ lálẹ́ ni mò ń bomi rin wọ́n. Síbẹ̀ ewé tẹ̀tẹ̀ ń pọ́n, ewédú ò hù, ata dúró sójú kan. Tẹ̀tẹ̀ inú abọ́ tó là nìkan ló fẹ́ ṣe dáadáa. Kí ni mo ṣe tí kò dáa?

Ìdáhùn: Ẹ kú ọjà o, ìyá wa. Abọ́ tó là yẹn ti dáhùn ìbéèrè yín kí n tó dé ibẹ̀: òun nìkan ni omi ń rí ọ̀nà jáde nínú rẹ̀. Ẹ ò sọ pé ẹ lu ihò sí ìdí àwọn yòókù. Nínú iṣẹ́ olùkọ́ni lágbẹ̀ tí mò ń ṣe, bí ẹnìkan bá ní ẹ̀fọ́ inú ike òun ń pọ́n, ìdí ike ni mo máa ń kọ́kọ́ wò. Gbòǹgbò ń mí. Bí omi bá gba àyè afẹ́fẹ́ nínú yẹ̀pẹ̀, gbòǹgbò á bẹ̀rẹ̀ sí í jẹrà, ewé á wá rọ bíi pé òùngbẹ ń gbẹ ẹ́. Olóko á rí i, àánú á ṣe é, á tún bu omi sí i.

Òkúta yẹn ńkọ́? Èmi náà tẹ́ ẹ rí, kò ranni lọ́wọ́. Omi kì í kúrò nínú yẹ̀pẹ̀ kíkúnná bọ́ sáàárín òkúta, àfi ìgbà tí yẹ̀pẹ̀ bá mumi yó bámúbámú. Orí òkúta ni ẹrẹ̀ á dúró sí, àyè gbòǹgbò á sì dín kù. Ẹ kó o dà nù.

Ẹ fi kaninkanin, ọṣẹ àti omi gbígbóná fọ kẹ́ẹ̀gì títí epo á fi tán lára rẹ̀, torí èkúté àti èèrà fẹ́ràn òórùn epo. Èyí tí ẹ ò bá tíì gé lára kẹ́ẹ̀gì lítà 25, ẹ má gé orí rẹ̀. Ẹ dà á dùbúlẹ̀, kí ẹ gé ẹ̀gbẹ́ tó kọjú sókè kúrò, yóò dà bí ọpọ́n gígùn. Ẹ̀fọ́ eléwé ò nílò ju kí yẹ̀pẹ̀ jìn tó sẹ̀ǹtímítà 15 sí 20. Ẹ fi irin tẹ́ẹ́rẹ́ sínú iná títí yóò fi pọ́n, kí ẹ fi lu ihò mẹ́fà sí mẹ́jọ sí ìsàlẹ̀. Ìta gbangba ni kí ẹ ti ṣe é, èéfín ike ò dáa. Ẹ fi nẹ́ẹ̀tì fèrèsé tó ti ya bo ihò náà nínú, kí ẹ sì gbé ike lé àfọ́kù búlọ́ọ̀kù. Bí ìdí rẹ̀ bá lẹ̀ mọ́ kọnkéré, bí ẹni tí kò lu ihò rárá ni.

Ike ọ̀dà lítà 4, irú èyí tí wọ́n fi ń wọn gàrí, kéré jù fún ata. Ata kan, bókẹ́ẹ̀tì lítà 20 kan. Ọ̀dà tí wọ́n fi omi pò ṣeé fọ̀ dànù. Èyí tó jẹ́ kẹrosínì ló ń fọ̀ ọ́, ẹ gbin òdòdó sí i. Èyí tí mi ò gbà fún ẹnikẹ́ni, bó ti wù kó fọ̀ ọ́ tó, ni jálá oògùn apakòkòrò tàbí èyí tó ń pa koríko, àti àpótí bátìrì mọ́tò tí òjé wà nínú rẹ̀. Ẹnu ọmọ ni ẹ̀fọ́ ń lọ.

Yẹ̀pẹ̀ lásán máa ń le gbagidi nínú ike. Ẹ po ilẹ̀ dúdú ìwọ̀n méjì, ìgbẹ́ adìẹ ìwọ̀n kan, iyanrìn ìwọ̀n kan. Kì í ṣe iyanrìn etí òkun o, iyọ̀ wà nínú rẹ̀. Ìgbẹ́ adìẹ tútù máa ń jó gbòǹgbò. Ẹ wọ́n omi sí i, ẹ kó o jọ, kí ẹ máa yí i po fún bí ọ̀sẹ̀ mẹ́fà títí kò fi ní gbóná mọ́.

Ní ti ewédú, èso rẹ̀ ń sùn ni, èèpo rẹ̀ le. Ẹ dì í sínú aṣọ, kí ẹ rì í bọ omi tí ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ̀ kalẹ̀ lórí iná, ẹ ka ení dé ẹ̀wá, ẹ yọ ọ́ sínú omi tútù. Ẹ fi yẹ̀pẹ̀ fẹ́ẹ́rẹ́ bò ó.

Kí ẹ tó bomi rin, ẹ ti ìka bọ yẹ̀pẹ̀. Bó bá ṣì tutù nínú, ẹ fi í sílẹ̀. Ẹ má gbé abọ́ sábẹ́ ike láti gba omi, torí nínú omi tó dúró, ẹyin ẹ̀fọn lè di ẹ̀fọn tó ń fò láàárín ọ̀sẹ̀ kan sí ọjọ́ mẹ́wàá.

Ata tó dúró sójú kan yẹn, ẹ má fà á tu. Ẹ gbé e tòun ti yẹ̀pẹ̀ ìdí rẹ̀ sínú bókẹ́ẹ̀tì ńlá ní ìrọ̀lẹ́, kí ẹ fi sí ibòòji fún ọjọ́ mẹ́ta kí ẹ tó dá a padà sínú oòrùn.